Padi Nísàlẹ̀, Premium Lókè: Àgbéyẹ̀wò Èdè Ìtajà Àwọn Iléeṣẹ́ Amóhùnmáwòrán àti Íntánẹ́ẹ̀tì ní Agbègbè Àgbádárìgì

Ìfáárà

Ìpolówó ọjà kì í ṣe ohun tuntun nínú iṣẹ́ ìwádìí èdè Yorùbá. Àwọn onímọ̀ ti wo igbe tí àwọn olùtajà ń ké kiri àdúgbò, wọ́n ti wo ti orí rédíò, wọ́n sì ti wo ti ojú ìwé ìròyìn. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tẹnu mọ́ ni ẹwà èdè: àwítúnwí, àfiwé, àsọdùn, ìfọ̀rọ̀dárà. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń polówó ọjà fún kò jókòó láti gbádùn ewì. Owó wà lápò rẹ̀ tí ó fẹ́ ná, ó sì fẹ́ mọ ohun tí yóò fi rà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ bi èdè ìpolówó ni pé: ǹjẹ́ èdè yìí ran olùrà lọ́wọ́ láti yan ohun tó dára fún un, àbí òun ni ó bá a yàn án?

Ọjà tí iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò ni ọjà amóhùnmáwòrán àti íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó wọ Àgbádárìgì títí dé ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀. Àkókò kan wà tí ìdílé kò ní nǹkan púpọ̀ láti yàn. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ohun tí ìjọba bá gbé sáfẹ́fẹ́ ni ẹni tó ra ẹ̀rọ ń wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, olórí ìdílé kan ní Ajárá tàbí ní Tópò lè ra dekódà DStv, ti GOtv tàbí ti StarTimes. Ó lè fi owó náà ra dátà lọ́wọ́ MTN, Glo tàbí Airtel, kí ó sì máa wo fíìmù Yorùbá lórí YouTube, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣèré ti ń gbé iṣẹ́ wọn jáde fúnra wọn. Bí owó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè gbé àwo Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2023, sórí òrùlé. Ní ọjà Alábà, ní ojú ọ̀nà yìí kan náà, yóò tún rí àwọn tí yóò ta àwo tí kì í gba owó oṣù rárá fún un.

Ohun tí ẹni náà yóò gbọ́ kí ó tó yàn, èdè ni. Àbá tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé èdè àdúgbò ni àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí fi ń pe olùrà wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé inú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ òfin ilé fún un. Ojú ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ ni wọ́n fi wo ọ̀rọ̀ náà níhìn-ín, nítorí pé èdè kò ṣeé yà kúrò lára owó àti ipò àwọn tó ń sọ ọ́. Bámgbóṣé (2000) ti ṣàlàyé bí èdè ṣe lè di ohun tí ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn nínú ètò ìlú wọn. Ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ilé-ìwé ni àwọn ènìyàn máa ń fi irú àlàyé bẹ́ẹ̀ mọ sí. Dekódà náà yẹ kí ó kún un.

Ìpolówó àti Ohun Tó Ń Tẹ̀lé E

Ní ọjà Àgbàlátà, níbi tí Ègùn, Yorùbá àti àwọn oníṣòwò tó ti orílẹ̀-èdè Benin wá ti ń pàdé, igbe ìpolówó kì í dá dúró. Ìlẹ̀kùn lásán ni. Bí ẹlẹ́ja tàbí olóbì bá ké tán, tí oníbàárà sì dúró, iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà yóò fi ọwọ́ kan ọjà, yóò tẹ̀ ẹ́ wò, yóò gbóòórùn rẹ̀. Yóò ná an. Bí ó bá jẹ́ gààrí, ojú rẹ̀ ni wọn yóò ti fi kóńgò wọ̀n ọ́n, yóò sì máa ṣọ́ ìdí kóńgò náà bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, yóò béèrè èènì. Bí ọjà náà bá bàjẹ́, ó mọ ibi tí olùtajà ń pàtẹ sí, yóò sì padà lọ bá a ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Àsọdùn kún inú ìpolówó Yorùbá, kò sí àní-àní. Ẹni tó ń ta iṣu lè sọ iṣu rẹ̀ di oyin. Ṣùgbọ́n ìnájà, òṣùwọ̀n, èènì àti ojú tí yóò tún ra rí ara wọn ni ó ń mú àsọdùn náà wá sí ìwọ̀n. Nítorí pé wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àsọdùn fi jẹ́ eré, tí kò sì di ẹ̀tàn. Nínú kíláàsì, wọ́n sábà máa ń fi ìpolówó òde òní wé ti inú ọjà nípa ẹwà èdè nìkan, wọn a sì parí rẹ̀ sí pé ayé ń yí padà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ju ti ẹwà lọ. Kò sí ẹni tí í ná owó oṣù dekódà.

Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Ibi tí èdè ìtajà yìí ti hàn jù lọ ni orúkọ tí wọ́n fún ìpele kọ̀ọ̀kan. DStv ní ìpele mẹ́fà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn àlékún owó tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, báyìí ni wọ́n ṣe tò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: Padi, ₦4,400; Yanga, ₦6,000; Confam, ₦11,000; Compact, ₦19,000; Compact Plus, ₦30,000; Premium, ₦44,500. Ti GOtv, tí iléeṣẹ́ MultiChoice kan náà ni, fara jọ ọ́: Smallie, ₦1,900, Jinja, ₦3,900, Jolli, ₦5,800, Max, ₦8,500, Supa, ₦11,400, Supa Plus, ₦16,800.

Ẹni tó bá ka orúkọ wọ̀nyí sókè ketekete yóò gbọ́ bí ohùn ṣe ń yí padà bí owó ṣe ń gòkè. Pijin àti èdè ìgboro ló wà nísàlẹ̀. Nígbà tí owó bá kọjá ₦11,000 ní DStv, Pijin pòórá, Gẹ̀ẹ́sì tó wọ kóòtù tó sì de táì bọ́ síwájú. Ní ti GOtv, Supa kò jìnnà sí Pijin, ṣùgbọ́n Max àti Plus ti ń fa orúkọ lọ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dá orúkọ Padi, Yanga, Confam, Jinja àti Jolli sílẹ̀ láàárín ọdún 2019 sí 2020. Compact àti Premium ti wà ṣáájú wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà wá fẹ́ bá ẹni tí owó rẹ̀ kéré sọ̀rọ̀ ni ó tó rántí pé èdè mìíràn wà ní ìlú.

Padi ni ọ̀rẹ́. Yorùbá Àgbádárìgì ní ọ̀rẹ́ tirẹ̀, Ègùn sì ní họntọn, ṣùgbọ́n padi ni ó bá gbogbo wọn lọ. Ta ni padi ta nínú òwò yìí? Ọ̀rẹ́ kì í gbé ìlẹ̀kùn tì lójú ẹni ní òru ọjọ́ tí oṣù pé. Yanga tilẹ̀ gba àkíyèsí jù ú lọ, nítorí pé etí Yorùbá kò ní í ṣàì gbọ́ yangàn nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé láti ibẹ̀ ni Pijin ti mú un tàbí pé wọ́n kàn pàdé lọ́nà ni. Ẹni tó ń san ₦6,000, ní ìpele kejì láti ìsàlẹ̀, ni wọ́n fún ní orúkọ ìyangàn. Ẹni tó ń san ₦44,500 kò nílò rẹ̀. Wọ́n fún un ní Premium, ó sì dákẹ́. Confam ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀, ohun tí kò sí ẹlẹ́rìí tí adájọ́ yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Smallie ni ó sọ òótọ́ jù nínú wọn: ohun kékeré ni, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé àríwísí yìí le jù, pé Pijin ni èdè tí kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ ní ìlú tó kún fún oríṣiríṣi ẹ̀yà bí Èkó, àti pé pípe ọjà ní Padi dára ju pípe é ní orúkọ tí ìyá alátà kò lè pè. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ kí a fojú tín-ín-rín Pijin nínú iṣẹ́ bí èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ sí èdè gbogbogbò ni ó mú orúkọ wọ̀nyí wá, èé ṣe tí kò fi dé òkè àtẹ̀gùn? Èé ṣe tí kò sí orúkọ ìgboro fún ìpele ₦44,500, tó ju ìdajì owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní ọdún 2024, ìyẹn ₦70,000? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ ọmọ wọ̀nyí lórúkọ wo ilé dáadáa. Wọ́n wo ilé tálákà, wọ́n wo ilé olówó, wọ́n sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní èdè tí wọ́n rò pé ó tọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbọ́ orúkọ wọ̀nyí lójoojúmọ́ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan nípa èdè tí olùkọ́ rẹ̀ kò kọ́ ọ.

Òṣùwọ̀n àti Èènì

Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn amóhùnmáwòrán ni oṣù kan. Ẹni tó bá san owó ní òní, ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yálà iná ọba wà tàbí kò sí. Kò sí olùgbé Àgbádárìgì kan tí a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé èyí fún. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́wàá náà ti jẹ nínú owó, àfi bí ó bá ra epo sí jẹnẹrétọ̀, tí yóò wá jẹ́ pé ó sanwó ìwòran lẹ́ẹ̀mejì. Èdè ìpolówó kì í dárúkọ iná. Ó ń ka iye ìkànnì, bí ẹni tó ń ka iye ẹja inú òkun fún ẹni tí kò ní àwọ̀n.

Ìtàn òwò fóònù ní Nàìjíríà fi hàn pé òṣùwọ̀n ṣeé yí padà. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní ọdún 2001, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọ̀rọ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sanwó ìṣẹ́jú kan gbáko. Wọ́n ní ó ti yá jù láti máa fi ìṣẹ́jú àáyá díwọ̀n. Globacom wọlé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ó fi ìṣẹ́jú àáyá bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ewì ni ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn Glo nígbà náà. Kóńgò rẹ̀ ni. Nínú ọjà amóhùnmáwòrán, StarTimes, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà pẹ̀lú NTA ní ọdún 2010, ti jẹ́ kí oníbàárà máa sanwó ọjọ́ kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Fún ilé tí owó ń wọlé sí lójoojúmọ́, bí ilé apẹja tàbí ti ọlọ́kadà, èyí wúlò ju ọgọ́rùn-ún ìkànnì lọ. Ó yani lẹ́nu pé ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ kankan tó dùn létí. Nova, Basic, Classic ni StarTimes ń pe ìpele tirẹ̀.

TStv náà wá ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2017 pẹ̀lú ìlérí pé bí oníbàárà bá ṣe wò ni yóò ṣe sanwó. Ìlérí náà tan ká bí iná ọyẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020. Ṣáájú rẹ̀, HiTV ti gba ẹ̀tọ́ àtigbé bọ́ọ̀lù Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní ọdún 2007. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ra dekódà rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2010 ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí iléeṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Dekódà di ohun tí wọ́n ń gbé ìwé lé. Ohun tí àwọn olùrà rò pé àwọn rà ni bọ́ọ̀lù. Ohun tí wọ́n rà gan-an ni àpótí tí bọ́ọ̀lù ń gba inú rẹ̀ kọjá fún ìgbà díẹ̀. Ìpolówó ni ó da méjèèjì pọ̀ mọ́ wọn lójú.

Ní ti dátà, ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè yẹ̀ wò. Èkíní ni ‘àìlópin’. Nínú gírámà Yorùbá, àì- jẹ́ mọ́fíìmù tí ń yí ọ̀rọ̀ sódì; ohun àìlópin kò gbọ́dọ̀ ní òpin, gẹ́gẹ́ bí ohun àìleè-kú kò ṣe gbọdọ̀ kú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìpolówó íntánẹ́ẹ̀tì, àìlópin ní òpin tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé ní lẹ́tà kékeré: bí oníbàárà bá ti lò dé ìwọ̀n kan, wọn yóò dín ìyára rẹ̀ kù débi pé fíìmù kò ní í lè rìn. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́fíìmù rẹ̀ ti kú.

Èkejì ni ‘bónọ́ọ̀sì’, tí àwọn mìíràn ń túmọ̀ sí èènì. Ìtumọ̀ yìí kò tọ̀nà. Èènì ni ohun tí olùtajà bù lé ọjà lẹ́yìn tí òṣùwọ̀n ti pé. Ti oníbàárà ni pátápátá, ó sì lè jẹ ẹ́ nígbà tó bá wù ú. Kò sí alágbàdo tí yóò fún ènìyàn ní èènì tí yóò wá sọ pé láàárín òru nìkan ni kí ó jẹ ẹ́, tàbí pé bí kò bá jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, òun yóò gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bónọ́ọ̀sì dátà sábà máa ń rí. Ẹni tó bá pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní èènì ti fi orúkọ rere bo ìwà mìíràn lára.

Ẹni Tó Ń Polówó Di Ọjà

Ìpolówó kan wà tí àwọn ará ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kò tí ì gbàgbé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, àjọ NCC bẹ̀rẹ̀ ètò tó fún oníbàárà láyè láti kúrò ní iléeṣẹ́ fóònù kan sí òmíràn láì pàrọ̀ nọ́ńbà. Láìpẹ́ sí i, Hafiz Oyetoro, òṣèré aláwàdà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Saka, tó tún jẹ́ olùkọ́ eré orí ìtàgé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà ní Ìjanikin, jáde nínú ìpolówó MTN. Ṣáájú àkókò yìí, Etisalat ni ó ń polówó fún. Ó bọ́ àwọ̀ ewé sílẹ̀, ó wọ àwọ̀ ìyeyè, ó kọrin, ó jó, ó fi Pijin kéde pé òun ti kó lọ.

Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, ìpolówó náà kẹ́sẹ járí gan-an. Ọ̀rọ̀ tó ṣòro láti ṣàlàyé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìmúkúrò nọ́ńbà, ó sì fi ara ènìyàn kan ṣàlàyé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọdé lè sọ ọ́. Èyí ni ohun tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ yìn kó tó bẹ̀rẹ̀ àríwísí. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn rántí ni aṣọ àti ijó. Ta ni ó rántí iye tí wọ́n ń gbà fún ìpè kan? Ní ọjà Àgbàlátà, ẹni tó polówó náà ni yóò wọn gààrí. Nínú ìpolówó yìí, ẹni tó polówó fi ara rẹ̀ ṣe ọjà: òun ni wọ́n ń wò, òun ni wọ́n gbà gbọ́, òun kọ́ ni yóò sì dáhùn bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú. Etisalat tí ó fi sílẹ̀ di 9mobile ní ọdún 2017, ó sì di T2 ní ọdún 2025, nítorí náà ó lè jẹ́ pé Saka yàn dáadáa. Ìpolówó náà kò sọ ìdí.

Irú ìpolówó báyìí ló dára láti gbé wọ kíláàsì ju èyí tí ìwé àkàgbádùn tẹ̀ jáde lọ. Olùkọ́ tó ń lọ fún ìkọ́ni àfidánrawò lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ìpolówó náà sọ sí apá kan, kí ó kọ ohun tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀ sí apá kejì, kí ó sì ka ìye tó bára mu. Àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn ń tajà kò ní í pẹ́ rí i.

Èdè Ìwé Àdéhùn

Bí Padi bá wọlé tán, ìwé àdéhùn ni ó kàn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n sọ pé iléeṣẹ́ lè yí owó padà, pé ìkànnì lè lọ kí òmíràn sì dé. Ìyá tó gbọ́ orúkọ ní Pijin, tó gbọ́ àlàyé lẹ́nu ẹni tó wá so àwo ní Yorùbá tàbí ní Ègùn, ti fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń mú àwọn ọba etí òkun fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó sọnù nígbà náà ju owó oṣù kan lọ fíìfíì.

Ní ọdún 2024 àti 2025 ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́. MultiChoice kéde àlékún owó tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Agbẹjọ́rò kan gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ń rí sí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ní Abuja. Ní oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ náà ní kí iléeṣẹ́ náà san ìtanràn ₦150 mílíọ̀nù, kí ó sì fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún kejì, àlékún mìíràn tún dé. Àjọ FCCPC fẹ́ dá a dúró, ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé àjọ náà kò ní agbára láti máa dá iye owó ọjà dúró. Ti íntánẹ́ẹ̀tì kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 Starlink kéde pé owó oṣù yóò kúrò ní ₦38,000 sí ₦75,000, NCC sì sọ pé òun kò tí ì fọwọ́ sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí àlékún tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù. Nínú gbogbo àríyànjiyàn wọ̀nyí, iye owó ni wọ́n jà lé lórí. Èdè tí wọ́n fi kọ àdéhùn kò wọ inú ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó kọ́kọ́ gba ìnájà lẹ́nu olùrà.

Èdè Inú Ilé

Bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni, ọ̀rọ̀ yìí ìbá jẹ́ ti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé bá yàn ni yóò máa sọ̀rọ̀ nínú ilé láti ìrọ̀lẹ́ títí di àsìkò oorun. Ìkànnì Africa Magic Yoruba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, Òrísun sì wà lórí StarTimes. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ Yorùbá yanjú lónìí ní ibi tí yóò yà sí, ìyẹn bí ó bá mọ ìpele tí wọ́n fi ìkànnì náà sí, nítorí pé orúkọ Jinja tàbí Yanga kò sọ ọ́ fún un. Bí wọ́n bá sọ pé Yorùbá ti rí ààyè, òótọ́ ni. Ó rí ààyè gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń wò. Kò tí ì rí ààyè gẹ́gẹ́ bí èdè tí wọ́n fi ń ta ohun tí wọ́n ń wò náà.

Ègùn kò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ní ìkànnì Africa Magic tiwọn. Kò sí ìkànnì Ègùn kan lórí àtẹ̀gùn wọ̀nyí, láti Smallie dé Premium. Rédíò Èkó, tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni ó ti ń lo Ègùn nínú àwọn ètò rẹ̀ kan láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 láti dáàbò bo èdè Yorùbá kò kan Ègùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, tó fi èdè àdúgbò ṣe èdè ìkọ́ni ní kíláàsì ìsàlẹ̀, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà. Èyí mú kí ohun tó ń jáde láti inú amóhùnmáwòrán wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ tí olùkọ́ kò bá bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní kíláàsì, tí dekódà kò sì bá a sọ ọ́ nílé, ẹnu ìyá rẹ̀ nìkan ni ó kù fún un, ìyá náà sì ń wo fíìmù.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé gba àkóso MultiChoice, tó ni DStv àti GOtv. Canal+ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé ń wò ní òdìkejì ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀, níbi tí orúkọ ìpele rẹ̀ ti ń jẹ́ Access, Évasion àti Tout Canal+. Évasion túmọ̀ sí sísá lọ, orúkọ tó tún jẹ́ pé olówó-pọ́ọ́kú kọ́ ni wọ́n fún. Ìyá kan ní Ṣẹ̀mẹ̀ tó ń san owó Yanga, àti àbúrò rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tó ń san owó Évasion, ilé kan náà ni owó àwọn méjèèjì ń lọ báyìí. Ègùn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ohun tí wọ́n wò ní alẹ́ àná.